Dick Tiger

Dick Tiger, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu (ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 1929 – ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá ọdún 1971), jẹ́ akànṣẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tó gba adé àgbáyé ní ìpele ìwọ̀n ara méjì, èyí tí wọ́n ń pè ní middleweight àti light heavyweight. Ìjà tó jà ní ìlú Ìbàdàn ní ọdún 1963 ni ìjà àkọ́kọ́ fún adé àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tó wáyé ní ilẹ̀ Áfíríkà àwọn ènìyàn dúdú. Wọ́n tún máa ń rántí rẹ̀ nítorí irú ara tó ní. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, iṣẹ́ agbára sì ti mú ara rẹ̀ le kí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn tó di iṣẹ́ rẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbésí ayé

Wọ́n bí Richard Ihetu ní Amaigbo, ní ilẹ̀ Igbo, ní apá ibi tó ti di Ìpínlẹ̀ Ímò lónìí. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ó lọ sí ìlú Aba, níbi tí ọjà ńlá wà, ó sì ń ṣòwò ìgò òfìfo níbẹ̀. Òwò yìí gba agbára púpọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe é ní láti rìn káàkiri láti ra ìgò jọ, kí ó rù ú, kí ó sì gbé e lọ fún àwọn tó fẹ́ tún un lò. Ní Aba náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 1952, ó di akànṣẹ́ tó ń gba owó lórí ìjà. Bó ṣe máa ń kọjú sí alátakò láìyẹsẹ̀ ló mú kí orúkọ Dick Tiger bá a mu, orúkọ yìí sì borí èyí tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ara ọkùnrin ní àkókò rẹ̀

Ní àwọn ọdún tí Tiger ń dàgbà, kò wọ́pọ̀ kí ọkùnrin ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lóòjọ́ láti kọ́ iṣan ara rẹ̀. Iṣẹ́ ni ó ń kọ́ ara. Bí ó ṣe rí ní ilẹ̀ Igbo náà ni ó rí ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí àwọn méjèèjì wà létí ọ̀sà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, wọ́n ń fa àwọ̀n, wọ́n ń ro oko, wọ́n sì ń ru ẹrù láti èbúté lọ sí ọjà. Apá wọn ki, àyà wọn gbòòrò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń wo dígí láti mọ̀ bóyá iṣan kan ti yọ ju èkejì lọ. Ojú agbo ìjàkadì ni ọ̀dọ́kùnrin ti máa ń fi agbára hàn, ẹni tó bá sì dá ẹnìkejì rẹ̀ délẹ̀ ni ìlú ń kà sí alágbára, ìbáà ga, ìbáà kúrú. Tí ọkùnrin bá wá dàgbà tó sì rí jẹ, ara tó sanra díẹ̀ pẹ̀lú ikùn tó yọ kì í ṣe àbùkù fún un. Àmì pé nǹkan ń lọ déédéé ni.

Ilé-ìwé, iṣẹ́ ológun àti iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó mú ọ̀nà mìíràn wọlé ní àkókò ìjọba amúnisìn. Àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní pàrédì, eré ìdárayá tó ní àkókò tirẹ̀, àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti òfin. Àárín ayé méjèèjì yìí ni Tiger wà. Ẹrù ìgò ló kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ le, lẹ́yìn náà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó wá sọ agbára náà di iṣẹ́.

Liverpool àti adé Ilẹ̀ Ọba

Ní ọdún 1955, Tiger wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìlú yìí kan náà ni Hogan Bassey, ọmọ Nàìjíríà tó gba adé àgbáyé ní ìpele featherweight ní ọdún 1957, ti ń kan ẹ̀ṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn fún Tiger rárá. Ó pàdánù ìjà mẹ́rin àkọ́kọ́ tó jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òtútù kò bá a lára mu, owó tó ń rí lórí ìjà kò sì tó o gbọ́ bùkátà, nítorí náà ó gba iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀dà. Síbẹ̀, kò padà sílé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1957, ó borí Terry Downes ní Lọ́ńdọ̀nù kí abala kẹfà tó bẹ̀rẹ̀. Downes yìí wá gba adé àgbáyé ní ọdún 1961. Ní oṣù Kẹta ọdún 1958, Tiger lu Pat McAteer lulẹ̀ ní abala kẹsàn-án ní Liverpool, ó sì gba adé middleweight ti Ilẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1959, ó kọjá sí Amẹ́ríkà.

Adé àgbáyé àti ìjà Ìbàdàn

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹwàá ọdún 1962, Tiger borí Gene Fullmer ní San Francisco, ó sì di olórí àgbáyé ní ìpele middleweight. Àwọn méjèèjì tún pàdé ní Las Vegas ní oṣù Kejì ọdún 1963, ìjà náà sì parí ní ọ̀mì.

Ìjà kẹta ni ó wáyé ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1963, ní pápá ìṣeré Liberty, tí wọ́n ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orílẹ̀-èdè náà kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gba òmìnira. Lẹ́yìn abala keje, Fullmer kò lè dìde mọ́ láti bá ìjà lọ, adé sì wà lọ́wọ́ Tiger. Ọmọ Igbo ni Tiger, ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti jà, gbogbo Nàìjíríà ni ó sì bá a yọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin nígbà náà, akànṣẹ́ di àwòkọ́ṣe alágbára tuntun. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Nojim Maiyegun, ọmọ Èkó, gba àmì-ẹ̀yẹ onídẹ ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní Tokyo nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àmì-ẹ̀yẹ àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbà ní ìdíje náà.

Tiger pàdánù adé rẹ̀ sọ́wọ́ Joey Giardello ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, ó gbà á padà lọ́wọ́ ẹni yìí kan náà ní oṣù Kẹwàá ọdún 1965, ó sì tún pàdánù rẹ̀ sọ́wọ́ Emile Griffith ní oṣù Kẹrin ọdún 1966. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ti parí fún un. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún náà, nígbà tó ti pé ẹni ọdún 37, ó gòkè lọ sí ìpele àwọn tó tóbi jù ú lọ, ó sì gba adé light heavyweight lọ́wọ́ José Torres ní New York. Gíga Tiger kò ju ẹsẹ̀ bàtà 5 àti íǹṣì 8 lọ. Ẹni tó bá fi ojú lásán wo òun àti àwọn alátakò rẹ̀ ní ìpele yìí kò ní rò pé òun ni yóò borí.

Ogun abẹ́lé

Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìjà Ìbàdàn ni ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà àti Biafra. Tiger dúró sí ẹ̀yìn Biafra. Ó wọ iṣẹ́ ológun níbẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì jẹ mọ́ dídá àwọn ọmọ ogun lẹ́kọ̀ọ́ eré ìdárayá àti mímú ọkàn wọn le. Agbára tó ti jẹ́ ayọ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè wá di ti apá kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun ìní tó ti fi owó ìjà kó jọ bá ogun lọ. Ní ọdún 1969, ó dá àmì-ẹ̀yẹ MBE tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún un padà, láti fi hàn pé inú òun kò dùn sí bí ìjọba náà ṣe ń ti Nàìjíríà lẹ́yìn nínú ogun.

Ní àárín gbogbo èyí, ó ń jà lọ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Bob Foster, tí gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3, lù ú lulẹ̀ ní abala kẹrin, ó sì gba adé. Ìgbà yẹn nìkan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni lu Tiger lulẹ̀ tí kò lè dìde kí wọ́n tó ka iye rẹ̀ tán. Síbẹ̀, ní ọdún 1969, ó borí Nino Benvenuti, ẹni tó wà lórí adé middleweight nígbà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjà náà kì í ṣe fún adé. Ìjà rẹ̀ tó kẹ́yìn ni èyí tó pàdánù sọ́wọ́ Emile Griffith ní oṣù Keje ọdún 1970.

Àìsàn àti ikú

Lẹ́yìn tó fi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn sílẹ̀, Tiger ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York. Ìgbà yìí ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Àyẹ̀wò àwọn dókítà fi hàn pé ó ní àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Kò sí ẹni tó ń wo ọkùnrin yìí láti òde tó lè mọ ohun tó ń bá a jà nínú. Ní ọdún 1971, ó padà sí Nàìjíríà, ó sì kú ní Aba ní ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ní ẹni ọdún 42. Amaigbo, ìlú tí wọ́n ti bí i, ni wọ́n sin ín sí.

Ogún tó fi sílẹ̀

Wọ́n fi orúkọ Tiger sínú ilé ìrántí àwọn akànṣẹ́ ńlá ti àgbáyé ní ọdún 1991. Ìwé ìròyìn The Ring ti kọ́kọ́ yàn án ní akànṣẹ́ tó dára jù lọ fún ọdún 1962 àti ọdún 1965.

Èrò nípa ara ọkùnrin kò dúró síbi tí Tiger fi í sí. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn oníjàkadì alára ńlá bíi Michael Okpala, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Power Mike, ni àwọn ọmọdé ń wò bí alágbára. Lẹ́yìn náà ni irin gbígbé àti jíìmù gbòde. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ òde òní, ọ̀dọ́kùnrin tó bá ń fẹ́ àyà gbòòrò kò ní láti fa àwọ̀n mọ́. Ó lè sanwó jíìmù, kí ó gbé irin níwájú dígí, kí ó sì máa ṣọ́ ikùn rẹ̀ kí ó má ṣe yọ, ikùn kan náà tó jẹ́ àmì ọlà fún bàbá bàbá rẹ̀. Ohun tó yí padà jù ni ìdí tí ọkùnrin fi ń kọ́ ara. Ní ìgbà Tiger, ohun tí ara lè ṣe ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Lónìí, bí ara ṣe rí lójú ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ wò. Ọkùnrin kúkúrú tó ru ìgò ní Aba, tó sì gba adé lọ́wọ́ àwọn tó ga jù ú lọ, jẹ́ ẹ̀rí pé ojú lásán kì í sábà mọ agbára.