Sheikh Adam Abdullah Al-Ilori, Ẹni Tó Kọ Ìtàn Wa Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Wusasa àti ní gbogbo Sáríà, lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a rántí bàbá kan tí gbogbo ọmọ kéwú mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀pọ̀ kò mọ iṣẹ́ tó ṣe lórí ìtàn wa.

Ní ọdún 1917 ni wọ́n bí Sheikh Adam ní Wasa, ní ilẹ̀ Dàhómì ìgbà náà. Ọmọ Ìlọrin ni bàbá rẹ̀. Ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ ni òun náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ wa níhìn-ín. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ kéwú. Lẹ́yìn náà, ó kàwé lọ́dọ̀ Sheikh Salih Esinniobiwa ní Ìbàdàn, Sheikh Umar Al-Abaji, àti Sheikh Adam Namaji, ará Kánò. Ilẹ̀ Hausa lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ rẹ̀. Ní 1946 ó lọ sí Íjíbítì, ó dé Al-Azhar.

Ní 1952 ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì gbé e lọ sí Agége ní 1955. Ó fún àwọn ọmọ kéwú ní bẹ́ǹṣì, pátákó ìkọ̀wé, kíláàsì, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí. Lójú àwa tí a fi wàláà kàwé lórí ẹní, nǹkan ńlá ni.

Ṣùgbọ́n Sheikh kò fi mọ sórí kíkọ́ ọmọ nìkan. Ẹnu àwọn àgbà àti ìdí àpótí ni ọ̀pọ̀ ìtàn àwọn àfáà wa wà. Ó kó o jọ. Ní 1950 ó ṣe ìwé lórí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Nàìjíríà àti Sheikh Usman dan Fodio. Ní 1965, ìtàn Nàìjíríà. Ní 1982, ìtàn àwọn àfáà ńláńlá Ìlọrin. Lárúbáwá ló fi kọ wọ́n, kí Mùsùlùmí ilẹ̀ mìíràn lè mọ̀ wá. Ó tún fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí Agége.

Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún, 1992, ni ó jáde láyé ní Lọ́ńdọ̀nù. Agége ni wọ́n sin ín sí.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Àfáà àgbà kan wà láàárín wa tó kọ orúkọ àwọn tó kọ́kọ́ bá wa dé ìhín sínú ìwé. Mo ṣèlérí pé n ó dà á kọ. Ọjà kò jẹ́ kí n ráyè. Nígbà tí bàbá kú, tí a ṣí àpótí, ikán ti jẹ ìwé náà. Èmi ni mo jẹ̀bi.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: ọdún wo ni wọ́n dé, iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe, ta ni ìmáàmù wọn? Ẹ kọ ọ́ ní Lárúbáwá tàbí ní Yorùbá, kí ẹ fi ẹ̀dà kan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ Sheikh àti gbogbo àgbà wa tó ti lọ. Àmín.