Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Ní ìgbà tí ọ̀tẹ̀ abẹ́lé àti ogun àwọn Fúlàní tú ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ká, Ìkòyí, ìlú Oníkòyí tí í ṣe olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, kò gbẹ́yìn nínú ìparun náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn mìíràn bá ogunlọ́gọ̀ àwọn ará Ọ̀yọ́ sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí igbó, níbi tí àwọn jagunjagun láti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yorùbá ti sọ Ìbàdàn di ibùdó ní nǹkan bí ọdún 1829. Kò pẹ́ tí ìlú àwọn tí ogun lé kúrò nílé fi di ìlú tí ń gbé ogun lọ bá ẹlòmíràn. Àárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni obìnrin òyìnbó kan wá gbé ní ọdún 1853. Kò wá ṣòwò, kò sì wá jẹ ọba lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó wá láti máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ìwé àti ní ọ̀nà Kristi. Orúkọ rẹ̀ ni Anna Hinderer.

A bí Anna ní ọjọ́ 19, oṣù kẹta, ọdún 1827, ní Hempnall, abúlé kan ní agbègbè Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Martin ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni ó jẹ́ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, ó sì ti tètè mọ bí ó ti máa ń rí fún ọmọ tí kò ní ìyá. Nígbà tí ó dàgbà díẹ̀, ó lọ gbé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Lowestoft, ìlú kan tí ó wà ní etí òkun. Níbẹ̀ ni ó ti di ojúlùmọ̀ Àlùfáà Francis Cunningham àti aya rẹ̀. Kò tíì ju ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá lọ nígbà tí ó bẹ àlùfáà yìí pé kí ó fún òun ní àwọn ọmọ kéékèèké díẹ̀ láti máa kọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Àlùfáà náà gbà fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n mú un sí ilé wọn bí ọmọ, ó sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ ìjọ. Ó tún ń kó àwọn ọmọ aláìní ìlú náà jọ, àwọn tí aṣọ ara wọn jẹ́ àkísà, ó sì ń kọ́ wọn láìgba nǹkan kan. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti ń fẹ́ kí Ọlọ́run rán òun lọ sí ilẹ̀ òkèèrè.

Ọkùnrin tí ó mú ìfẹ́ rẹ̀ yìí ṣẹ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. David Hinderer ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Schorndorf ní ilẹ̀ Jámánì ni. Ẹgbẹ́ C.M.S. rán an wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 1849, ó sì dé Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1851, ó lọ wo Ìbàdàn, bí ìlú náà ti tóbi tó sì yà á lẹ́nu. Àwọn olóyè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì fà sí ibẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Nígbà tí ó padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Anna ṣe ìgbéyàwó ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1852. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti wọ ọkọ̀ ojú omi.

Wọ́n gúnlẹ̀ sí Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1853, wọ́n sì gba ojú odò Ògùn lọ sí Abẹ́òkúta. Kò pẹ́ tí ibà fi dá àwọn méjèèjì wó. Nígbà tí ara wọn le díẹ̀, wọ́n mú ọ̀nà Ìbàdàn pọ̀n. Lára àwọn tí ó bá wọn lọ ni ọ̀dọ́mọkùnrin Ẹ̀gbá kan tí a ń pè ní Daniel Olúbí, ẹni tí a ó tún gbọ́ nípa rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni wọ́n wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì rí obìnrin òyìnbó rí, nítorí náà àwọn obìnrin àti ọmọdé tú jáde láti wò ó, wọ́n sì ń tẹ̀ lé e kiri. Baálẹ̀ Olúgbòdé, tí ó jẹ́ olórí ìlú nígbà náà, fún wọn ní àyè láti gbé. Ní àkókò kan náà yìí ni T. J. Bowen, ará Amẹ́ríkà, àti ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí Ìjàyè láti dá ìjọ Onítẹ̀bọmi sílẹ̀. Àwọn náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1855, ṣùgbọ́n àìsàn lé wọn padà sí ilé ní ọdún 1856.

Ilé tí àwọn Hinderer kọ́kọ́ gbé ní Ìbàdàn kò yàtọ̀ sí ilé àwọn aládùúgbò wọn: ilé amọ̀ tí a fi koríko bò ni, yàrá rẹ̀ há, òkùnkùn sì kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ́ ilé míṣọ́n àti ilé ìsìn sí Kúdẹtì. Iṣẹ́ Anna kì í tán. Ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, òun àti ọkọ rẹ̀ a kó gbogbo ará ilé jọ fún àdúrà. A kọ́ àwọn ọmọ ní a-bí-dí, a kọ́ wọn ní orin, a sì kọ́ wọn ní abẹ́rẹ́. Ó ní dùùrù kékeré kan, ohùn rẹ̀ sì máa ń fa ènìyàn wá láti ìta. Àwọn tí egbò ń dà láàmú a wá kí ó wẹ egbò fún wọn. Àwọn obìnrin a wá kí i, wọn a jókòó pẹ́, a sì dá wọn lóhùn bí ó ti mọ̀ ọ́n sọ. Ẹnu ògbufọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni etí rẹ̀ là sí èdè Yorùbá. Kò bí ọmọ kankan, síbẹ̀ Ìyá ni àwọn ọmọ inú ọgbà náà ń pè é.

Kò rọrùn láti rí ọmọ kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ogun ni iṣẹ́ Ìbàdàn, oyè ogun ni ọ̀nà ọlá. Àwọn òbí sì ń bẹ̀rù pé ìwé yóò sọ ọmọ wọn di ojo. A kò lè pe ẹ̀rù wọn ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, nítorí ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ojo ọmọ kò ní ibi tí yóò fi orí pamọ́ sí. Olóyè kan tí a ń pè ní Olúnlóyọ̀ ni ó kọ́kọ́ gbójú. Ó fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, sí ọwọ́ àjèjì obìnrin yìí. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn rí i pé ibi kankan kò ṣe wọ́n, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ tiwọn wá. Àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó pẹ̀lú rí ibi gbé ní abẹ́ òrùlé náà.

Ibà kò fi wọ́n sílẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Kefer àti Jefferies, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí a rán wá ràn wọ́n lọ́wọ́, kú ní ẹnu iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1856, ó di dandan kí tọkọtaya náà lọ sinmi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1858 wọ́n ti padà sí Ìbàdàn. Henry Johnson, ọmọ Yorùbá kan láti Sàró, bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ìjọ, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Samuel.

Nígbà náà ni ìdánwò tí ó tóbi jù lọ dé. Aláàfin Àtìbà wàjà ní ọdún 1859, ọmọ rẹ̀ Adélù sì gorí ìtẹ́. Kúrunmí, Ààrẹ Ìjàyè, kọ̀ láti tẹrí ba fún un, nítorí àṣà àtijọ́ ni pé Àrẹ̀mọ a máa bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn gbè sẹ́yìn Aláàfin; Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú gbè sẹ́yìn Ìjàyè. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1860. Ìjàyè fọ́ ní oṣù kẹta ọdún 1862, ṣùgbọ́n ìjà Ìbàdàn pẹ̀lú Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kò parí síbẹ̀. Ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, ọ̀nà Ìjẹ̀bú dí, àwọn Hinderer sì há sí àárín. Láti Èkó ni owó àti ẹrù wọn ti ń wá. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, èyí tí ó ń dé ọwọ́ wọn kò tó nǹkan.

Ẹ jẹ́ kí á ro bí ọ̀ràn náà ti rí. Àwọn ọmọ wà nínú ilé tí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun, owó ẹyọ sì ń tán lọ. Anna bẹ̀rẹ̀ sí í ta ohun ìní rẹ̀. Ó ta aṣọ, ó ta ohun èlò ilé. Agolo òfìfo, páànù tí a fi tẹ́ inú àpótí àti irin àlòkù pẹ̀lú di ọjà. Obìnrin tí àwọn ènìyàn ti rò pé ọrọ̀ rẹ̀ kò lè tán wá ń ṣírò owó ẹyọ bí ẹni tí ó tálákà jù lọ ní àdúgbò. Ẹ̀wà tí a fi epo àti ata sè ni wọ́n ń jẹ ní ọjọ́ púpọ̀, kì í sì í fìgbà gbogbo yó wọn. Àìsàn àti ebi jọ dojú kọ òun àti ọkọ rẹ̀. Síbẹ̀ àdúrà òwúrọ̀ àti ti alẹ́ kò dáwọ́ dúró, ilé-ẹ̀kọ́ kò sì tú ká. Ó yẹ kí á sọ pẹ̀lú pé àwọn olóyè Ìbàdàn kò fi ìyà kankan jẹ wọ́n, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n ń bá jà ni àwọn òyìnbó ìjọ kan náà ń gbé. Àlejò wọn ni wọ́n kà wọ́n sí títí dé òpin.

Mo rò pé ní ọdún wọ̀nyí gan-an ni ìgbàgbọ́ tí Anna ń kéde fìdí múlẹ̀ ní Kúdẹtì. Kí ogun tó dé, ó rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti sọ pé ìsìn ọlọ́rọ̀ ni ìsìn òyìnbó. Nígbà tí ebi dé, tí àwọn ọmọ rí i pé inú ìkòkò kan náà ni Ìyá ti ń jẹun pẹ̀lú wọn, ọ̀rọ̀ náà gba ìtumọ̀ mìíràn.

Ní ọdún 1865, Glover, tí ó ń ṣe olórí ìjọba ní Èkó, rán Ọ̀gágun Maxwell láti gba inú igbó lọ mú wọn jáde. Alẹ́ ni ó dé bá wọn láìròtẹ́lẹ̀, àyè láti múra kò sì tó nǹkan. Ara Anna ti di aláìlera tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé inú aṣọ tí a so mọ́ ọ̀pá ni àwọn ọkùnrin gbé e sí léjìká. David dúró sẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ láti tọ́jú ìjọ. Kò sí ẹni tí ìbá bá Anna wí bí kò bá padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó sinmi díẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó tún wọ ọkọ̀ ní ọdún 1866, ó sì tún wà ní Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1867. Ọdún méjì ni agbára rẹ̀ tún gbé. Ní ọdún 1869, òun àti ọkọ rẹ̀ fi Ìbàdàn sílẹ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ó kú ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 1870, ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó àwọn lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ rẹ̀ jọ, a sì tẹ̀ wọ́n ní ìwé ní ọdún 1872. David, tí ó ti túmọ̀ ìwé Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ sí èdè Yorùbá, yè títí di ọdún 1890.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé Anna kò mọ ohun gbogbo nípa wa. Ó ka ọ̀pọ̀ nínú àṣà àti ìsìn àwọn baba wa sí òkùnkùn lásán, kò sì wádìí ìtumọ̀ wọn tó bí ó ti yẹ. Àwọn ọmọ tí ó tọ́ ní láti yàn láàárín ilé rẹ̀ àti ilé àwọn bàbá wọn, ìyàn náà sì dun ẹlòmíràn nínú wọn. Ó yẹ kí á sọ èyí pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ń kọ ìtàn kò gbọ́dọ̀ yọ ìdajì rẹ̀ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Daniel Olúbí ni ó gba ìjọ Ìbàdàn, tí ó di àlùfáà, tí òun àti àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá bíi tirẹ̀ sì mú un dúró la ọdún ogun Kírìjì já. Samuel Johnson, ọmọ Sàró nì, di ọ̀kan nínú àwọn tí a rán láti bá àwọn tí ń jagun sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fi ọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886. Àlùfáà ní ìlú Ọ̀yọ́ ni ó jẹ́ nígbà tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tí ó sì sọ fún wa bí Ìkòyí àti àwọn ìlú yòókù ti fọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí a dá sílẹ̀ ní Kúdẹtì ní ọdún 1899 ni a pa pọ̀ mọ́ ti Èkó ní ọdún 1950, tí a sì pè ní St. Anne's ní ìrántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọbìnrin ni ó ti ibẹ̀ jáde di ẹni ńlá, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ọmọ kan tí kò ní ìyá bẹ̀rẹ̀ ní Lowestoft pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké díẹ̀ kò tíì parí.