Kíláàsì tí Einstein ń sá fún

Gbogbo ẹni tó ti dé yunifásítì ló mọ irú akẹ́kọ̀ọ́ yìí: kì í wá sí kíláàsì, àmọ́ tí ìdánwò bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó bá a lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín, nótì yín ló ń wá. Nígbà tí mò ń ka òfin, èmi gan-an wà lára wọn. Albert Einstein náà wà lára wọn.

Ìlú Ulm ní Jámánì ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, 1879. Ní 1896, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Zürich, ní Switzerland. Físíìsì ló gbádùn. Ìṣirò tó jinlẹ̀, lójú tiẹ̀, àṣejù ni. Hermann Minkowski, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ìṣirò, ń kọ́ wọn, ọmọkùnrin yìí ń sá. Marcel Grossmann, ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í pa kíláàsì jẹ ní tiẹ̀. Nótì Grossmann ni Einstein kà tó fi yege ní 1900.

Ó yege lóòótọ́, àmọ́ kò rí iṣẹ́ ní yunifásítì. Bàbá Grossmann ló bá a sọ̀rọ̀ níbi tó yẹ, tó fi wọ ọ́fíìsì ìjọba ní Bern ní 1902, níbi tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó hùmọ̀ nǹkan tuntun wò. Ọ̀rọ̀ mo-mọ-ẹnì-kan kò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ jàre.

Ní 1905, ọmọ ọdún 26, ó gbé iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí láàárín àwọn onímọ̀ jáde. Ní 1908, Minkowski kan náà fi jiọ́mẹ́tìrì so àyè àti àkókò pọ̀ nínú iṣẹ́ ọ̀hún. Einstein kọ́kọ́ rò pé olùkọ́ òun kàn ń fi ìṣirò ṣe fújà ni. Minkowski kú ní 1909, kò rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe parí.

Nítorí èrò kan ti wà lọ́kàn Einstein láti 1907: ẹni tó bá ń já bọ́ látorí òrùlé kò ní mọ ìwúwo ara rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń fura pé agbára tó ń fa nǹkan wálẹ̀ ní í ṣe pẹ̀lú bí àyè àti àkókò ṣe tẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣírò ohun tó tẹ̀? Ẹ ya onígun mẹ́ta sórí bébà, ẹ ro igun rẹ̀ pọ̀, 180 ni. Ẹ ya á sórí bọ́ọ̀lù, ó máa ju 180 lọ. Jiọ́mẹ́tìrì ilé ìwé girama ò lè gbé e.

Ní 1912, ó padà sí Zürich, ó wá Grossmann lọ. Grossmann ti di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Òun ló wá iṣẹ́ tí Riemann ṣe ní 1854 jáde fún un, pẹ̀lú irinṣẹ́ ìṣirò tí Ricci àti Levi-Civita ṣe ní Ítálì. Ni bọ̀dá wa bá jókòó, ní ọmọ ọdún 33, ó ń kọ́ ìṣirò bí akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti máa sọ pé Einstein sá kíláàsì, ó ṣì di Einstein. Wọn kì í sọ tàwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé àjákọ rẹ̀ ti 1912, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibi tó ń lọ. Ìṣirò náà ò tíì yé e tó, ó rò pé kò bá ti Newton mu, ló bá fi í sílẹ̀. Òun àti Grossmann tẹ èyí tí kò tọ̀nà jáde ní 1913. Ní 1915, Levi-Civita ń fi lẹ́tà tọ́ka sí àṣìṣe rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni David Hilbert ní Göttingen, tí ìṣirò jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, ti dáwọ́ lé iṣẹ́ kan náà. Ìgbà yẹn ni Einstein sáré padà sídìí ohun tó ti sọ nù. Ọjọ́ 25, oṣù Kọkànlá, 1915 ló tó rí i gbé kalẹ̀ ní Berlin.

Tó o bá ń múra fún másítàs nínú físíìsì báyìí, tó o sì ń ronú bóyá kó o fo jiọ́mẹ́tìrì, ọdún mẹ́ta yẹn ni kó o rò. Ìwọ lè má ní Grossmann.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, 1919, oòrùn wọ̀jì. Àwọn onímọ̀ láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wo ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ láti Sobral ní Brazil àti láti erékùṣù Príncipe, inú omi Gulf of Guinea tiwa níbí. Ìmọ́lẹ̀ náà tẹ̀ bí Einstein ṣe wí. Gbogbo ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí tó fi kú ní 1955.

Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló pa Grossmann ní 1936. Nótì tó kọ ní kíláàsì ṣì wà ní ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Zürich.