Ìtàn Ìgbésí Ayé Rudolf Diesel

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ta ni kò tíì gbọ́ ariwo ọkọ̀ akẹ́rù ní ojú ọ̀nà Ọ̀wọ̀ sí Ìfọ́n? Epo dísẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Orúkọ ènìyàn ni Diesel, ìtàn rẹ̀ sì kan oko àwọn baba wa.

Ní ọdún 1858 ni a bí Rudolf Diesel ní Paris. Ará Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀. Nígbà tí ogun dé ní 1870, wọ́n di ẹni tí a lé kúrò nílùú, wọ́n sì lọ sí London. Láti ibẹ̀ ni a ti rán ọmọ ọdún 12 náà lọ sí Augsburg, ó sì tẹra mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ.

Ó rí i pé nínú ìdá mẹ́wàá ooru iná, ẹ̀rọ ooru omi híhó ń fi nǹkan bí mẹ́sàn-án ṣòfò. Ó pinnu láti ṣe ẹ̀rọ tí yóò fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná tó láti ran epo. Ní 1893, apá kan ẹ̀rọ náà bú gbàmù níṣojú rẹ̀. Síbẹ̀ kò rẹ̀wẹ̀sì. Ní 1897 ó yege: ẹ̀rọ rẹ̀ lo ju ìdá kan nínú mẹ́rin ooru náà lọ.

Ní 1900, níbi ìpàtẹ ńlá Paris, ọ̀kan nínú irú ẹ̀rọ yìí fi òróró ẹ̀pà ṣiṣẹ́, nítorí ìjọba Faransé ń ro ti ilẹ̀ Áfíríkà níbi tí ẹ̀pà gbé pọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè wọ Diesel lọ́rùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1913, ó di àwátì nínú ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí England. Lẹ́yìn náà ni a rí òkú rẹ̀ nínú òkun.

Èrò rẹ̀ kò bá a rì. Òróró ki jù, a sì máa dí ẹ̀rọ. Ní 1937, ọ̀mọ̀wé Chavanne ní Brussels fi hàn pé bí a bá po epo ọ̀pẹ mọ́ ọtí tí ń gbiná, yóò di epo ṣíṣàn. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ohun tí yóò mú un yá, tí òun fúnra rẹ̀ kì yóò tán. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé ti fi eérú èèpo kòkó ṣe é, irú eérú tí àwọn ìyá wa fi ń ṣe ọṣẹ. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ inú ìkòkò, tàbí bí epo náà bá ti kan, ọṣẹ ni yóò dà. Nítorí náà, ìkòkò gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a sì máa rò ó láìdáwọ́ dúró.

Ọ̀pẹ àti kòkó ń bẹ ní oko wa. Ẹ jẹ́ kí àwa tí yóò di olùkọ́ fi sùúrù Diesel kọ́ àwọn ọmọ wa.