Fágúnwà: Iṣẹ́ Ìwé Ló Gbé E Dé Etí Odò Wuya

 

Nígbàkígbà tí sáà bá parí, tí ọkọ̀ gbé àwa tí ilé wa wà ní apá Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìbàdàn kúrò ní Minna, ọ̀nà Bida la sábà máa ń gbà. Bí a bá kọjá Bida, kì í pẹ́ tí a fi ń dé Wuya, níbi tí afárá wà lórí odò Kaduna. Nígbà yẹn, oorun á ti gbé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Àwọn tí kò sùn á máa jẹ búrẹ́dì tàbí kí wọ́n máa jà sí ojú fèrèsé. Èmi náà ti kọjá lórí afárá yẹn láìmọye ìgbà kí n tó mọ̀ pé etí odò yẹn ni Dáníẹ́lì Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ẹni tó kọ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ti pàdé ikú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1963.

Ìtàn ìgbésí ayé bàbá yìí ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí ìdíje ìwé kíkà tí ẹgbẹ́ wa ń múra sílẹ̀ fún, èyí tí a fẹ́ ṣe ní ilé ìkàwé ìjọba nínú ìlú ní sáà tó ń bọ̀. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń ráhùn nínú họ́sítẹ̀lì pé kí la fẹ́ fi ìdíje ìwé Yorùbá ṣe ní Minna, níbi tí àwọn tó ń sọ Hausa, Nupe àti Gbagyi ti pọ̀ jù wá lọ. Àwọn mìíràn sì ní àwọn gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ àwọn ò lè kà á. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ìdíje ló sọ Fágúnwà di òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Bí mo bá sọ ìtàn rẹ̀ tán, a ó padà sórí ọ̀rọ̀ tiwa.

Ọdún 1903 ni wọ́n bí i ní Òkè-Igbó, ìlú kan tó wà ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí. Joshua Akíntúndé ni orúkọ bàbá rẹ̀, Rachel Òṣúnyọmí sì ni ìyá rẹ̀. Oròwọlé ni orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ náà. Ẹ̀yin náà ẹ wo orúkọ ìdílé yẹn, Fágúnwà: ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ilé onífá ni. Àmọ́ àwọn òbí rẹ̀ gba ẹ̀sìn Kírísítì, nítorí náà etí méjì ni ọmọ náà fi dàgbà. Ó gbọ́ ìtàn ọdẹ, ti iwin àti ti ẹbọra. Ó sì gbọ́ ìwàásù àti ìtàn inú Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá ka ìwé rẹ̀ á rí i pé kò sí èyí tó dà nù nínú méjèèjì.

Ọdún 1916 ló bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní St. Luke's ní Òkè-Igbó, nígbà tó ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé ó ti pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka àmì ohùn! Lẹ́yìn tó parí níbẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì wọ St. Andrew's College ní Ọ̀yọ́ lọ́dún 1926. Ó jáde lọ́dún 1929, ṣùgbọ́n kò kúrò ní Ọ̀yọ́. Wọ́n fi í sí ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn olùkọ́ fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké ló sì wà títí di ọdún 1939.

Ẹ jẹ́ ká ro ohun tí olùkọ́ ọmọ kéékèèké rí nígbà yẹn. Ọmọ mọ ìwé kà tán, kí ló kù tó máa kà? Bíbélì Yorùbá wà; odindi rẹ̀ ti jáde láti ọdún 1884. Ìwé orin wà, ìwé ABD wà, ìwé ìròyìn náà wà. Ní ọdún 1929 sí 1930, I. B. Thomas kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, àwọn ènìyàn sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ìtàn Ṣẹ̀gilọlá kì í ṣe ìtàn ọmọ ilé-ìwé. Odindi ìwé ìtàn àròsọ tí ọmọdé lè kà, tí yóò bá a ní ilé tí yóò sì bá a ní kíláàsì, kò wọ́pọ̀ rárá.

Ọdún 1936 ni ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìgbà náà kéde ìdíje fún àwọn tó bá lè kọ ìwé. Fágúnwà jókòó, ó kọ ìtàn ọdẹ kan, ó sì fi ránṣẹ́. Ìwé yẹn ni ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ̀ jáde lọ́dún 1938, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sì ni. Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni Fágúnwà nígbà náà. Kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, kò tíì lọ sí òkè òkun, olùkọ́ ọmọ kéékèèké ni. Tí kò bá sí ìdíje ọdún yẹn, ta ló mọ̀ bóyá inú orí rẹ̀ ni ìtàn náà ì bá wà títí?

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Yorùbá nìkan ni mò ń sọ. Ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, ìyẹn 1933, wọ́n ṣe irú ìdíje bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ń kọ èdè Hausa. Ilé-iṣẹ́ ìtumọ̀ èdè tó wà ní Zaria, tí Rupert East ń darí, ló ṣe é. Abubakar Imam kọ Ruwan Bagaja fún un; Abubakar Tafawa Balewa, tó wá di Olórí Ìjọba Nàìjíríà lẹ́yìn náà, kọ Shaihu Umar. Ibo ni wọ́n ti bí Abubakar Imam? Kagara ni, ní Ìpínlẹ̀ Niger wa níbí. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ tí à ń gbé yìí ni ẹni tí ìdíje gbé jáde ní èdè Hausa ti wá, ìpínlẹ̀ yìí kan náà sì ni ẹni tí ìdíje gbé jáde ní èdè Yorùbá kú sí. Nígbà tí olùkọ́ wa sọ èyí fún wa, gbogbo kíláàsì dákẹ́.

Fún ẹni tí kò tíì ka Ògbójú Ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan wá bá akọ̀wé kan nílé, ó ní kó mú ìwé àti ohun ìkọ̀wé, kó máa kọ ohun tí òun bá sọ sílẹ̀. Bàbá náà ni Àkàrà-Oògùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì nìkan ló jókòó, bàbá sì sọ bí òun ṣe lọ sí Igbó Irúnmalẹ̀ nígbà kìíní. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò ti gbọ́, wọ́n ti wá gbọ́ ti ìrìn-àjò kejì. Nígbà tó fi máa kan ìtàn bí ọba ṣe rán òun àti àwọn akọni ọdẹ mìíràn lọ sí Òkè Láńgbódó, èrò ti kún ilé. Ẹ ò rí i pé ìkórajọ fún ìwé ni ìwé náà fúnra rẹ̀? Ẹnì kan ń sọ, ẹnì kan ń kọ, gbogbo àwọn yòókù ń gbọ́. Bí wọ́n sì ṣe ka ìwé Fágúnwà nílé-ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn: olùkọ́ á kà á sókè, kíláàsì á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ bi àwọn òbí wa àgbà léèrè, wọ́n á sọ ọ́ fún yín.

Ìwé yòókù tẹ̀ lé e. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde lọ́dún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje lọ́dún 1954, Àdììtú Olódùmarè lọ́dún 1961. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó lọ sí ìlú Ọba, ó sì kọ ìwé Ìrìnàjò apá méjì nípa ohun tójú rẹ̀ rí, kí ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ òkun lè bá a rìn. Òun àti L. J. Lewis ló jọ ṣe Táíwò àti Kẹ́hìndé, ìwé tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ ìwé kíkà. Èyí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń kọ ìtàn iwin fún àgbà kò rò pé ìwé ọmọ ABD kéré jù fún òun. Ó mọ̀ pé ẹni tí kò bá ka Táíwò àti Kẹ́hìndé lónìí kò ní ka Igbó Olódùmarè lọ́la.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1955, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, àwọn ọmọ rọ́ wọ kíláàsì. Láàárín ọdún yẹn sí 1959, Fágúnwà wà ní ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń ṣe ìwé jáde. Ọdún 1955 yẹn náà ló gba ẹ̀bùn Margaret Wrong fún ìwé kíkọ, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá lọ́dún 1959.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ìwé rẹ̀ kò rọrùn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn, ó máa ń to àpọ́nlé lé àpọ́nlé. Ìtàn á ti dùn dé góńgó, ó tún máa dúró láti gba òǹkàwé nímọ̀ràn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá kà á ní àkókò prẹ́ẹ̀pù, ojú ewé mẹ́rin ni mo kà tí mo fi pa á dé. Ìgbà tí ọ̀rẹ́ mi kan kà á sókè ní họ́sítẹ̀lì lọ́jọ́ Sátidé ni mo tó gbádùn rẹ̀. Ohun tí ojú mi ò rí, etí mi gbọ́ ọ.

Ní ọdún tó lò kẹ́yìn láyé, Fágúnwà jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann ní Nàìjíríà. Ó ti gba ẹ̀bùn, ó ti gba oyè, ó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó lè jókòó sílé kó máa jẹun. Ṣùgbọ́n ìwé kò ní ẹsẹ̀. Ẹnì kan ló gbọ́dọ̀ bá a rìn dé ibi tí àwọn òǹkàwé wà. Iṣẹ́ náà ló gbé e wá sí apá Àríwá ní oṣù Kejìlá ọdún 1963. Ní Wuya, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé mọ́tò sọdá ló yẹ kó wọ̀. Ibi etí odò níbẹ̀ ló ti já sínú omi, tí omi sì gba ẹ̀mí rẹ̀. Àwọn ènìyàn sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀, wọ́n ní àwọn iwin inú ìwé rẹ̀ ló wá mú un lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni, jàǹbá sì ṣe é. Wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Òkè-Igbó, wọ́n sì sin ín sílùú rẹ̀.

Ikú kò pa ìwé náà. Lọ́dún 1968, Wọlé Ṣóyínká tú Ògbójú Ọdẹ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1977, nígbà àjọ̀dún FESTAC ní Èkó, eré Wálé Ògúnyẹmí tó ń jẹ́ Láńgbódó, tó wá láti inú ìtàn náà, ni Nàìjíríà gbé sórí ìtàgé.

Ó wá kù sí ọwọ́ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ gbọ́ Yorùbá àmọ́ ẹ ò lè kà á, ẹ má sá fún ìdíje. Mo dábàá pé kí a ṣe é bí Àkàrà-Oògùn ti ṣe é. Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni kí a fi ka ìwé kan ṣoṣo sókè ní ilé ìkàwé. Ní ti àkọ́kọ́, kí àwọn tó mọ̀ ọ́n kà ṣáájú, kí àwọn yòókù gbọ́. Ní ti kejì, kí ẹni tó gbọ́ mú ẹlòmíràn wá, ìbáà jẹ́ ọmọ Nupe tàbí Gbagyi tó fẹ́ gbọ́ ìtàn. Ní ti kẹta, kí ẹni tí kò lè kà tẹ́lẹ̀ ka ìpínrọ̀ kan, kódà bó kọsẹ̀. Bí àwọn ọmọ Hausa bá fẹ́ mú Ruwan Bagaja wá, àyè wà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo fi kún un: kí kálukú wá ìwé Yorùbá kan nílé nígbà ìsinmi, bó ti wù kó gbó tó, kó mú un bọ̀ fún àpótí ìwé ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bida kó o bọ̀, nígbà tí ọkọ̀ bá dé Wuya, ẹ dákun, ẹ jí ẹni tó sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ fi odò náà hàn án.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.