Mósè Orímọládé: Amúkùn-ún Tí Ọlọ́run Rán Níṣẹ́

Ní ìlú Ìkàrẹ́ ní ilẹ̀ Àkókó, ní nǹkan bí ọdún 1879, ni a bí Mósè Orímọládé sí ìdílé Túnọláṣe, ìdílé tí ó bá oyè ọba tan. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ti dá. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sáré lọ sí odò, tí wọ́n sì ń tẹ̀ lé baba wọn lọ sí oko, ilé ni òun ń jókòó sí. Ọdún ń gorí ọdún, ó di géńdé, síbẹ̀ kò lè rìn bí àwọn ẹlòmíràn.

Kí olùkà tó lè mọ bí ẹrù yìí ti wúwo tó, ó yẹ kí ó rántí àṣà àwọn baba wa. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọmọ oyè tí ara rẹ̀ bá ní àbùkù kì í jọba. Ara pípé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tí adé yẹ. Nítorí náà, ọmọ tí a bí sí ilé ọlá ni Orímọládé, ṣùgbọ́n ní ojú ayé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn ọlá náà mọ́ ọn.

Àwọn tí ó kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé ní nǹkan bí ọdún 1915 ni ó rí ìran, tí a sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi omi odò tí ń ṣàn wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dìde, ó rìn. Níhìn-ín ni a fẹ́ kí olùkà dúró díẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kò tọ́ tán. Ó lè rìn nítòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń tiro, ó sì ń tiro títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí a bá fi ìtàn yìí lé ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́ láti tún un sọ, à bá mú kí ọkùnrin náà máa fò bí àgbọ̀nrín kí ògo ìtàn lè pé. Ọlọ́run kò tún un sọ bẹ́ẹ̀. Ó fún ìránṣẹ́ Rẹ̀ ní agbára tí ó tó fún ìrìn àjò, Ó sì fi àpá àìlera sílẹ̀ lára rẹ̀.

Pẹ̀lú ẹsẹ̀ yìí ni ó bọ́ sí ọ̀nà. Ó wàásù ní Ìkàrẹ́ àti ní agbègbè Àkókó, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Benin, ó dé Kàbà àti Lọ́kọ́ja, ó sì wọ Òkè Ọya lọ. Nígbà náà ọkọ̀ kò pọ̀ bí ti òní, bẹ́ẹ̀ ni èdè àwọn tí ó ń bá pàdé kì í ṣe ọ̀kan. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá ìbá rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì ní ìwé tí yóò fi gbéra ga, nítorí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ohun tí ó gbọ́ nínú Bíbélì ni ó há sórí, èyíinì ni ó sì fi ń kọ́ àwọn ènìyàn.

Ní ọdún 1924 ó dé Èkó, ó sì kọ́kọ́ wọ̀ sí ìhà Èbúté Èrò. Àdúrà rẹ̀ ni àwọn ará ìlú fi dá a mọ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Baba Aládùúrà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1925, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ogún ọdún, Abíọ́dún Akínṣọ́wọ́n, lọ wo àwọn ìjọ Àgùdà bí wọ́n ti ń tò kọjá lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn. Láti ìgbà náà ni ojú ìran ti gbé e lọ, kò sì mọ ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ̀rù ba àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Orímọládé. Ó wá, ó gbàdúrà, ọmọbìnrin náà sì jí. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wọ́ wá, ẹgbẹ́ àdúrà sì bẹ̀rẹ̀. Séráfù ni a kọ́kọ́ sọ ọ́ ní ọdún 1925. Ní ọdún 1926 ni a fi Kérúbù kún un.

Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará. Àwọn aláìsàn ń wá ìwòsàn lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń tiro. Bí ó bá dìde láti gbàdúrà, gbogbo ènìyàn ń rí i bí ó ti ń tiro. Síbẹ̀ wọn kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tí ìyà ti jẹ rí a máa gba ọ̀rọ̀ ẹni tí ìyà jẹ gbọ́.

Àbùkù kan sì tún wà tí a kò ní fi pamọ́, nítorí ẹni tí ó bá yọ ọ́ kúrò kò sọ ìtàn náà tán. Ní ọdún 1929, Orímọládé àti Abíọ́dún, àwọn méjèèjì tí Ọlọ́run lò láti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kò lè jọ ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n pínyà, ẹgbẹ́ sì di méjì. Ìyapa mìíràn tún tẹ̀ lé e lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn sunkún, àwọn ẹlẹ́gàn sì rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹni ńlá ni wọ́n, ṣùgbọ́n ènìyàn ni wọ́n. Ìjọ tí ó bá ń wá aṣáájú tí kò lè ṣìnà yóò wá a títí, yóò sì kórìíra èyí tí a fi fún un.

Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1933 ni Orímọládé sùn nínú Olúwa ní Òjòkòró, lẹ́bàá Agége. Abíọ́dún wà láyé títí di ọdún 1994. Iṣẹ́ tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti ré kọjá ilẹ̀ Yorùbá, ó ti ré kọjá Nàìjíríà pàápàá.

Àwa tí a péjọ sí àpéjọ yìí láti ìlú púpọ̀ àti èdè púpọ̀, kí ni a ó fi ìgbésí ayé yìí ṣe? Àwọn òbí wà láàárín wa tí wọ́n fi ọmọ tí ara rẹ̀ kò dá pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn ní ọjọ́ Ìsinmi, nítorí ìtìjú. Àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ń fi ìpara bó àwọ̀ tí Ẹlẹ́dàá fi bò wọ́n, nítorí pé wọ́n rí àwòrán ẹni tí kò jọ wọ́n, wọ́n sì gbà pé ẹni náà ni arẹwà. Àwọn mìíràn ń wò bí aṣọ oníwàásù ti dára tó kí wọ́n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìwà lẹwà. Kí òbí tí ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú un jáde wá sí ìjókòó iwájú, kí a sì fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ bí a ti ń fi lé àwọn ọmọ yòókù lọ́wọ́. Bí ará Ìkàrẹ́ bá ti fi ẹsẹ̀ ọmọ Túnọláṣe dá a lẹ́jọ́, tí òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá wá jí ọmọbìnrin yẹn ní Èkó?