Olùkọ́ Kan láti Ìletò Lamhi

Ní ẹ̀bá Benares, ìlú mímọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà, tí a ń pè ní Varanasi nísinsin yìí, ìletò kan wà tí ń jẹ́ Lamhi. Bí kò bá ṣe ti ọmọ kan tí a bí níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1880, bóyá ni ẹni òkèèrè ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀ rárá. Dhanpat Rai ni orúkọ tí a sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n Premchand ni ayé mọ̀ ọ́n sí.

Akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni bàbá rẹ̀, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ọmọ náà kò ju bí ọdún mẹ́jọ lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Híńdù ni ìdílé wọn, síbẹ̀ lọ́dọ̀ àfáà kan ní tòsí Lamhi ni ó ti kọ́ èdè Urdu àti ti Páṣíà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1897, ẹrù ilé já lé e lórí. Ó fẹ́ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ṣùgbọ́n ìṣirò kò jẹ́. Inú àwọn kan nínú wa yóò dùn láti gbọ́ èyí. Bí ó ti ń kọ́ ọmọ lọ́yà kan ní rúpì 5 lóṣù, ebi mú un dé ibi pé ó gbé ìwé ara rẹ̀ lọ tà. Ní ilé ìtàwé náà ni ó gbé pàdé ọ̀gá ilé ìwé míṣọ́n kan ní Chunar, ẹni tí ó fún un ní iṣẹ́ olùkọ́ ní rúpì 18 lóṣù. Èyí ṣẹlẹ̀ ní 1899. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí iṣẹ́ ìjọba, ó sì lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ní Allahabad, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti wà níhìn-ín.

Ní 1908 ó tẹ ìwé ìtàn kékeré kan jáde ní èdè Urdu, nípa ìfẹ́ ilẹ̀ ẹni. Àwọn òyìnbó aláṣẹ bínú sí i, wọ́n sì dáná sun àwọn ẹ̀dà tí ó kù. Nítorí èyí ni ó fi pa orúkọ ìkọ̀wé rẹ̀ àtijọ́ tì, tí ó sì mú Premchand. Láìpẹ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìwé ní èdè Híńdì pẹ̀lú.

Ní oṣù Kejì ọdún 1921, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Gandhi ní Gorakhpur pé kí àwọn ènìyàn fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ó ti lo nǹkan bí ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó sì ní aya àti ọmọ láti bọ́. Ó bá Shivrani Devi aya rẹ̀ gbèrò, obìnrin náà sì fara mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ ni ó kọ̀wé fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tèmi, ìgboyà aya yìí kò kéré sí ti ọkọ. Ilé ìtẹ̀wé tí ó dá sílẹ̀ ní Benares ní 1923 kò mú èrè wá, gbèsè ni ó ń kó bá a.

Nínú àwọn ìtàn rẹ̀, èyí tí ó ń jẹ́ Idgah ni ó wù mí jù. Ibi ìkírun ọdún ni orúkọ náà ń tọ́ka sí, èyí tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ wa ń pè ní Yídì. Hamid, ọmọ òrukàn, mú paisa 3 lọ sí ọjà ọdún. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ra bèbí alámọ̀ àti nǹkan dídùn. Òun ra ẹ̀mú fún ìyá rẹ̀ àgbà, nítorí iná a máa jó o lọ́wọ́ nígbà tí ó bá ń dáná.

Ní 1936 ni Godaan jáde, ìtàn Hori, àgbẹ̀ tálákà tí kò fẹ́ ju abo màlúù kan lọ, tí gbèsè sì lé títí dé ojú ikú. Irú àwọn ènìyàn tí ó gbé mọ̀ ní Lamhi ni wọ̀nyí. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹwàá ọdún náà ni Premchand kú ní Benares, ní ẹni ọdún 56.